Roland CUBE Street EX lọ́wọ́ onílù ìgboro: ibi tó ti dára, àti ibi tó ti ń já onígángan kulẹ̀

Bí ẹ bá ń lu gángan, tí ẹnìkejì yín ń kọrin tó sì ń ju ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ máa ṣeré ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù láìwá ibi tí ẹ ó ti fa iná kiri, Roland CUBE Street EX ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí a máa ní kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó ti pẹ́ díẹ̀ lórí àtẹ, àwọn tó lágbára jù ú lọ sì pọ̀. Ohun tó mú ká yàn án ni pé ó fúyẹ́, bátìrì tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń lò, ó sì ní ibi méjì tí máìkì lè wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jẹ́ onígìtá. Ìlù kì í ṣe gìtá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìlù la máa sọ jù níbí.

Kílò 7.4 ni ìwúwo rẹ̀. Ọwọ́ kan ló ń gbé e, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó máa gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin tòun ti ìlù léjìká. Sípíkà ńlá méjì tí fífẹ̀ wọn jẹ́ íǹṣì 8 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kéékèèké méjì fún ohùn òkè. Ojú rẹ̀ dà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ohùn á máa lọ sí etí àwọn tó dúró dípò kó máa lọ sí orúnkún wọn. Ọ̀nà mẹ́rin ni ohùn ń gbà wọlé. Máìkì wà fún ti àkọ́kọ́, ìkejì ń gba máìkì tàbí gìtá, méjì tó kù sì wà fún kíbọ́ọ̀dù, fóònù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bọ́tìnnì kan wà tó ń yan agbára: Max jẹ́ wáàtì 50, Normal jẹ́ 25, Eco jẹ́ 10. Ibi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ onílù ti ń ṣì í. Kí wọ́n tó na ọwọ́ sí ohunkóhun mìíràn, wọ́n á ti sún un sí Max, torí wọ́n gbà pé ariwo ló ń fa owó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti wáàtì 50 sí 10, agbára ti dín sí ìdá kan nínú márùn-ún, ṣùgbọ́n etí ènìyàn kì í wọn nǹkan báyẹn. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 7 péré ló lọ, etí sì nílò kó lọ sílẹ̀ tó bíi 10 kó tó sọ pé ohùn ti dín sí ìdajì. Bátìrì ńkọ́? Pẹ̀lú bátìrì alkaline mẹ́jọ, Max máa gbé e fún bíi wákàtí 5, Eco lè gbé e dé wákàtí 20. Ẹ fi ohùn díẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba àkókò ìlọ́po mẹ́rin. Fún eré ẹni méjì ní òpópónà, Eco tó. Normal wà fún ibi tí èrò bá ti pé jọ yí yín ká tí wọ́n dúró. Max, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ẹ wá gbọ́ ti gángan. Gángan tí awọ rẹ̀ le dáadáa, tí osán rẹ̀ sì mú, kò bẹ sípíkà kankan kí wọ́n tó gbọ́ ọ lókèèrè. Olórin ni ẹ̀rọ yìí wà fún. Kí ló dé tí a fi tún ń fi máìkì sí ìlù? Nítorí ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ní gbangba tí kò sí ògiri tàbí àjà tó máa dá ohùn padà, ohùn ìsàlẹ̀ gángan ló kọ́kọ́ ń ṣòfò. Ẹni tó wà ní mítà 10 á máa gbọ́ bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń bọ́ sórí awọ, kò ní gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Bẹ́ẹ̀, ohùn mẹ́ta ni gángan fi ń sọ̀rọ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ti sọnù, gbólóhùn ti dàrú nìyẹn, ìlù á wá dà bí ariwo lásán létí ẹni tó gbọ́ èdè, bó ti rí létí ẹni tí kò gbọ́. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ máa fi máìkì ìlù kún un, kí ohùn ìsàlẹ̀ lè ní ara.

Ibi tí máìkì máa dúró sí ló le jù. Bí ẹ bá gbé e sí ojú awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń bà, gbígbá kọ̀ǹgọ́ ló máa gbé jáde, á sì máa gún etí. Ojú kejì ló dára, èyí tó kọ ẹ̀yìn sí ọwọ́ tó ń lù. Láti abẹ́ apá tí ẹ há ìlù sí, ojú yẹn ń wo ẹ̀yìn yín. Ẹ gbé ọ̀pá máìkì sẹ́yìn, kí orí máìkì bọ́ sí gíga abẹ́ apá, kó sì jìnnà sí awọ ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Bó bá sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún osán pọ̀, ohùn á fò sókè lójijì, torí apá kì í dúró sójú kan nígbà tó bá ń fún ìlù. Bó bá jìnnà jù, ohùn olórin àti ariwo ọkọ̀ ni máìkì á máa kó wá. Onílù tó fẹ́ràn láti máa jó bó ti ń lù ní láti yan ọ̀kan: kó jókòó sí ibi tí máìkì wà, tàbí kó fi máìkì ìlù sílẹ̀ pátápátá kó sì jẹ́ kí ìlù máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń rìn sún mọ́ máìkì tó tún ń rìn kúrò níbẹ̀ máa ba ohùn gbogbo jẹ́.

Máìkì bíi Shure SM57 tó fún ìlù, SM58 sì tó fún olórin. Àwọn méjèèjì kò gba iná láti inú ẹ̀rọ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Àléébù kan nìyí tí onílù gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó náwó: àwọn máìkì kéékèèké tí wọ́n ń há mọ́ etí ìlù sábà máa ń béèrè iná 48V láti ibi tí wọ́n kì wọ́n bọ̀, CUBE Street EX kò sì ní in. Ẹni tó bá ra irú máìkì bẹ́ẹ̀ ní láti tún ra èyí tó ní bátìrì tirẹ̀, tàbí kó ra àpótí kékeré tó máa pèsè iná fún un. Ìnáwó mìíràn nìyẹn, ẹrù mìíràn sì ni.

Ẹ fi olórin sí ọ̀nà kìíní, ìlù sí ìkejì. Lórí ọ̀nà kejì, bọ́tìnnì kan wà tó ń yan irú ohùn, torí àwọn onígìtá ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ yí i sí MIC. Bó bá wà lórí èyíkéyìí nínú àwọn ohùn gìtá tó ń ha, gángan yín á máa fọ́, ẹ ó sì máa rò pé sípíkà ló ti bàjẹ́. Ẹ dín Bass olórin kù kí èémí rẹ̀ má baà máa lu máìkì, ẹ fi díẹ̀ kún Bass ìlù. Ẹ máa ṣọ́ra fún Reverb, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń mú kí ohùn máa dún padà. Láàárín ilé olókùúta gíga, ìta fúnra rẹ̀ ti ń dá ohùn padà. Bí ẹ bá tún fi ti ẹ̀rọ kún un, ọ̀rọ̀ ìlù á wọnú ara wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí gbólóhùn kan parí sí.

Bí máìkì bá ń súfèé, ẹ má kàn sáré lọ dín ohùn kù. Ẹ wo ibi tí sípíkà dúró sí ná. Bó bá wà lẹ́yìn yín, ohùn tó ń jáde ń wọ inú máìkì padà, yóò máa súfèé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ gbé e síwájú díẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí àwọn máìkì. Ẹ kò ní gbọ́ ara yín tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù wà lábẹ́ apá yín. Ẹ máa gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ bátìrì gba àlàyé. Mẹ́jọ ni ẹ̀rọ náà ń jẹ, AA. Bí ẹ bá ń ra alkaline ní gbogbo ọ̀sẹ̀, èrè yín ń wọ inú àpò onísọ́ọ̀bù. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń ṣájì, irú NiMH, ẹ sì ra mẹ́rìndínlógún, kí mẹ́jọ wà nínú ẹ̀rọ kí mẹ́jọ wà nínú àpò. Èyí tí wọ́n ń ṣájì máa ń fara da òtútù ju alkaline lọ, èyí sì ṣe pàtàkì láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí ìta Lọ́ńdọ̀nù ń mu ìka. Ẹ tọ́jú mẹ́jọ tó kù sínú àpò tó wà mọ́ ara yín lákòókò yẹn. Ẹ má ṣe da tuntun pọ̀ mọ́ àtijọ́ láé. Bí méje bá kún tí ọ̀kan ti ń kú lọ, ọ̀kan yẹn ló máa fa gbogbo wọn lulẹ̀, òun náà á sì bàjẹ́ pátápátá. Ẹ lè fi ọ̀dà kọ lẹ́tà A sára mẹ́jọ, kí ẹ kọ B sára mẹ́jọ yòókù, kí wọ́n má baà dàpọ̀ nínú ṣájà. Àmì pé wọ́n ti ń tán ni pé ohùn á máa fọ́ nígbà tí ìlù bá wọ ìsàlẹ̀, tó sì máa mọ́ padà bí ìlù bá dákẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń jẹ iná jù.

Òjò jẹ́ ọ̀tá ẹ̀rọ àti ìlù. Wọn kò ṣe ẹ̀rọ yìí fún omi. Ọ̀rá tó nípọn ni kó wà lábẹ́ ọwọ́ yín, kí ẹ sì pa iná kí ẹ tó bò ó. Ìlù gan-an máa fa ọ̀rinrin kí òjò tó dé: awọ á rọ̀, ohùn òkè kò ní dé ibi tó yẹ bó ti wù kí ẹ fún osán tó, apá á sì máa ro yín lásán. Bó bá ti dé bẹ́ẹ̀, kò sí bọ́tìnnì kankan lára ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe. Ẹ gbé ìlù lọ síbi tó móoru, kí awọ gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Nípa òfin, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Leicester Square ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ kó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó bá ra sípíkà. Ní ọdún 2025, ilé iṣẹ́ kan tó ní ọ́fíìsì níbẹ̀ gbé ìjọba ìbílẹ̀ Westminster lọ sílé ẹjọ́ nítorí ariwo àwọn òṣèré ìgboro. Adájọ́ gbà pé ìdààmú gidi ni, ìjọba ìbílẹ̀ sì dá eré dúró níbẹ̀ láti ọjọ́ 17 oṣù kẹrin. Ẹ fiyè sí i pé kì í ṣe gíga ohùn nìkan ni wọ́n fi sùn. Orin kan náà tí wọ́n ń tún kọ láti òwúrọ̀ dalẹ́ wà nínú ẹ̀sùn náà. Àwa onílù ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí jù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò lè sá fún ìlù kan ṣoṣo tó ń lọ fún wákàtí kan. Ẹ máa yí ìlù padà, ẹ máa sinmi, ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ wà lórí Eco. Bí àwọn onísọ́ọ̀bù tó wà nítòsí kò bá fẹjọ́ yín sùn, ibẹ̀ á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Westminster ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ láti ọdún 2021. £20 ni wọ́n ń gbà fún oṣù mẹ́fà nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, àwọn ibi tí wọ́n sàmì sí nìkan lẹ sì lè dúró sí. Kì í ṣe gbogbo ibi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gba sípíkà láyè, nítorí náà ẹ yẹ àwòrán ibi náà wò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde nílé. Nínú ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ètò tí TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, dá sílẹ̀ ní 2003 ló ń darí eré: wọ́n máa ń dán ènìyàn wò kí wọ́n tó gbà á, ibi ìdúró sì ní àmì lórí ilẹ̀. Níbẹ̀, ẹ pa máìkì ìlù pátá. Ògiri ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ á ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún yín ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ Musicians' Union máa ní ìdáàbòbò owó tó tó £10 mílíọ̀nù bí wáyà yín bá gbé ẹnìkan ṣubú. Ẹ fi téèpù lẹ wáyà mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Báwo wá ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń sọ ara rẹ̀ di owó? Ẹ wo ìrìn ènìyàn. Ẹni tó ń bá tirẹ̀ lọ máa ń rìn bíi mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohùn yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í yé e láti mítà 15, ìṣẹ́jú àáyá 11 ló ní láti gbọ́, láti wò, láti pinnu, kó sì ti ọwọ́ bọ àpò. Bí sípíkà bá kọjú sí ògiri tó wà ní òdìkejì òpópónà, mítà 5 péré ló máa fi gbọ́ yín, yóò sì ti kọjá kí ó tó rí owó tó ń wá. Nítorí náà, ẹ kọ ojú sípíkà sí ibi tí èrò ti ń bọ̀. Ẹ gbé àpótí owó síwájú, ní ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kọjá sípíkà, kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni tó ti pinnu ló máa gbé e débẹ̀. Kí wáyà kankan má ṣe wà láàárín òun àti àpótí. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ tẹ wáyà oníwáyà.

Ẹ ti fi owó díẹ̀ sínú àpótí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹyọ owó £1 àti £2 mélòó kan, pẹ̀lú bébà £5 kan. Àpótí tó ṣófo ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé kò sẹ́ni tó fún wọn. Èyí tó kún àkúnya ń sọ pé wọ́n ti ní tó, ó sì ń pe olè. Ẹ máa kó nínú rẹ̀ láàárín orin kan sí èkejì.

Onílù tó ti ilé wá ní ohun kan láti tún kọ́. Ní òde àríyá nílé, onílù ló ń tọ olówó lọ. Á kì í, á fi ìlù pe oríkì ìdílé rẹ̀, á dúró tì í títí ọwọ́ á fi wọ àpò. Àní lẹ́yìn tí òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 ti sọ níná owó lé ènìyàn lórí di ẹ̀ṣẹ̀, tó fi owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà sí i, ìkini yẹn ṣì ni ọ̀nà àtijẹ. Bí ẹ bá gbé gángan tọ òyìnbó lọ ní South Bank ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò sá. Ẹ dúró lójú kan, ẹ jẹ́ kí òun wá. Àfi bí ẹ bá rí ẹni tó wọ aṣọ òkè tàbí tó dé fìlà gọbi lọ sí ìnáwó: ẹ fi ìlù kí i láti ibi tí ẹ wà, ẹ̀rín máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà owó. Ìgbà yìí gan-an ni máìkì ìlù ń san owó ara rẹ̀ padà, torí ó ní láti gbọ́ ohun tí ìlù pè é.

Owó ẹyọ ti ń wọ́n lápò àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń gba káàdì ti di dandan. Ní 2018 ni ètò Busk in London àti iZettle, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ káàdì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ síwájú àwọn òṣèré ìgboro. Ẹ fi iye kan ṣoṣo síbẹ̀, £2 tàbí £3, kí ẹni tó ń kọjá má ní ìbéèrè kankan láti dáhùn. Ẹ yan èyí tó lè tún iye náà gbé jáde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olórin ni yóò máa sáré lọ tẹ fóònù láàárín orin, torí ọwọ́ onílù méjèèjì há. SumUp, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ káàdì mìíràn, máa ń yọ 1.69% fún ẹni tí kò san owó oṣooṣù, ìyẹn bíi pẹ́nì 5 lórí £3. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń sùn bí wọn kò bá lò ó fúngbà díẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye náà gàdàgbà sórí káàdì funfun, kí ẹni tó wà ní mítà 5 lè kà á.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wé àwọn yòókù: Bose S1 Pro ní bátìrì tirẹ̀ nínú tó lè dé wákàtí 11, kílò 7.1 ni, ó ní Bluetooth, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ ju ti Roland yìí lọ. Ṣùgbọ́n bí bátìrì yẹn bá kú ní ọ̀sán, eré parí nìyẹn. AA wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. CUBE Street kékeré, tó ń lo bátìrì mẹ́fà, wáàtì 5 ni. Ó tó fún ẹnìkan pẹ̀lú gìtá, kò gba ìlù. EX kò ní Bluetooth, wáyà ni ẹ ó fi so fóònù mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ń ra èyí tí wọ́n ti lò, kó ṣí ibi bátìrì kó tó dúnàá dúrà. Bí ìpatà aláwọ̀ ewé bá wà lórí irin tó ń kan bátìrì, bátìrì ti jò sínú rẹ̀ rí. Kó fi bátìrì mẹ́jọ tuntun sí i, kó sún un sí Max fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó lu ohùn ìsàlẹ̀ léraléra kó sì gbọ́ bóyá nǹkan ń gbọ̀n nínú àpótí. Kó ki wáyà máìkì bọ ọ̀nà méjèèjì, kó máa mì í díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń ha, tó ń lọ tó ń bọ̀, ihò yẹn ti tú. Kó dín owó, tàbí kó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.